Bí ẹ ṣe lè fi ọ̀dọ́ 12 sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò yín, kí wọ́n sì parí ẹ̀kọ́ náà

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ló máa ń jẹ owó ètò ọ̀dọ́ àdúgbò: bánà, káńópì, àga yíyá, ìrẹsì, fọ́tò pẹ̀lú kánsẹ́lọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹ̀rọ náà á fi dé ọjà àlòkù. Ètò tí a fẹ́ là sílẹ̀ níbí kéré, kò sì yára: ọ̀dọ́ 12, ọ̀gá mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọdún méjì, àti ẹnì kan tó ń lọ wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí owó kò bá tó tí ẹ ní láti yọ nǹkan kúrò, ẹ yọ ìfilọ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan àbẹ̀wò.

Ẹ ka ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó ka ọ̀dọ́

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ọ̀dọ́ wá forúkọ sílẹ̀. Igba èèyàn á ya dé, ọ̀gá méjì péré ló sì wà. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀gá. Kí èèyàn méjì mú ìwé kan dání, kí wọ́n rìn yí àdúgbò ká fún ọjọ́ mẹ́ta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, torí ìgbà yẹn lèèyàn ń mọ ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ bá rí: télọ̀, wẹ́dà, káfíńtà, mẹkáníìkì, rewáyà, aṣerunlóge, púlọ́ńbà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń tẹ́ táìsì.

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa bi ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Ọmọọṣẹ́ mélòó lẹ ní báyìí? Mélòó ló ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ yín láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ibo ni wọ́n wà? Ìbéèrè kẹta ló wúwo jù. Ẹ gba nọ́ńbà méjì lára àwọn tó ti parí, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n nílé, kì í ṣe níwájú ọ̀gá. Ọ̀gá tó ní ọmọọṣẹ́ mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì parí lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń wá.

Ẹ tún fi ojú yín wo nǹkan. Bí ọmọọṣẹ́ bá ju méjì lọ lórí ẹ̀rọ kan, gbígbálẹ̀ àti oúnjẹ rírà ni ẹni kẹta á máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe gáà. Bí kò bá sí, ẹ má fi ọmọbìnrin síbẹ̀. Níbi wẹ́dà, ẹ wò ó bóyá gíláàsì ojú wà fún ọmọọṣẹ́ tàbí ọ̀gá nìkan ló ní. Ọmọ tó ń fi ojú lásán wo iná wẹ́dà, ojú á máa ta á lóru bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i, kò sì ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Kẹ́ ẹ tó bá ọ̀gá kankan ṣàdéhùn, ẹ lọ kí alága ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ti aṣerunlóge ló ń fọwọ́ sí ìwé fírídọ̀ọ̀mù ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn náà ló sì lè ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò ní in. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa gbà.

Ìgbìmọ̀ àti àpò owó

Èèyàn márùn-ún tó. Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹnì kan láti ọjà, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìbùdó ìlera wọ́ọ̀dù yín, olùkọ́ kan, àti ọ̀dọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ parí. Ẹ má fi ẹni karùn-ún yìí ṣeré, torí òun ló mọ ohun tí ọmọọṣẹ́ kì í sọ fún àgbà.

Ẹ lo àkáǹtì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó bá ti wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ ní ìwé tiyín nínú rẹ̀. Kí èèyàn mẹ́ta lẹ́tọ̀ọ́ láti buwọ́ lùwé, kí owó má sì jáde láìsí ìbuwọ́lùwé méjì. Fíforúkọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) lábẹ́ CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́: ẹ ní láti polongo orúkọ nínú ìwé ìròyìn méjì, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò. Olóṣèlú tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, ẹ gbowó rẹ̀, ẹ fún un ní rìsíìtì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ àwọn ọmọ. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn bá wọlé, wọ́n á pa ètò náà pọ̀ mọ́ orúkọ tó wà lára aṣọ.

Ta lẹ máa mú?

Ọdún 15 sí 22 la gbà yín nímọ̀ràn. Ọmọ tí kò tíì parí JSS3, ẹ dá a padà sílé ìwé; òfin UBE ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ dé ìpele yẹn di ọ̀ranyàn àti ọ̀fẹ́, kò sì yẹ kí ètò àdúgbò jẹ́ ọ̀nà tí òbí ń gbà yọ ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ bá òbí sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Ìyá lè ní télọ̀ lòun fẹ́, kó jẹ́ pé iná mànàmáná lọmọ ń tú palẹ̀ nílé láti kékeré. Iṣẹ́ tí òbí yàn lọmọ máa ń kọ́kọ́ sá fún. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ìtọ́wò kẹ́nikẹ́ni tó buwọ́ lùwé: ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu òmíràn.

Lásìkò yẹn náà lẹ máa yẹ ara wọn wò. Ẹni tó fẹ́ ṣe rewáyà, ẹ kó wáyà pupa, dúdú àti aláwọ̀ ewé síwájú rẹ̀, kó ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà tí pupa àti àwọ̀ ewé jọ ara wọn lójú wọn tí wọn kò sì mọ̀ títí dọjọ́ náà. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ má fi sídìí ọ̀dà fífọ́n tàbí pákó gígé. Ẹni tó bá ń na abẹ́rẹ́ jìnnà sójú kó tó lè ki òwú bọ̀ ọ́, ẹ mú un lọ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó pè é ní olódo.

Ìwé àdéhùn

Ojú ewé kan, lédè Yorùbá, tí ẹ máa kà sókè kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá, ọmọ, òbí àti ìgbìmọ̀ ni yóò buwọ́ lù ú, ẹ̀dà mẹ́rin. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wà lákọsílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jẹ́rìí sí i, kó má sì ju ọdún márùn-ún lọ.

Ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọọṣẹ́ kò ní máa fọṣọ tàbí tọ́jú ọmọ nílé ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́ pé kò sí lílù. Ẹ kọ ẹni tó máa sanwó bí ọjà oníbàárà bá bàjẹ́. Èyí tó bá ọgbọ́n mu ni kí ọ̀gá ru ẹrù náà lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí wọ́n pín in sí méjì lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá sí nínú ìwé, aṣọ léèsì kan tí áyọ́ọ̀nù jó á lé ọmọ lọ, torí owó rẹ̀ ju ohun tí bàbá rẹ̀ ń rí lóṣù lọ.

Ẹ wá kọ owó fírídọ̀ọ̀mù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti máa ń fojú di nǹkan. Ọmọ á ti mọṣẹ́ tán, àmọ́ kò ní owó kéèkì, ohun mímu, aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀bùn ọ̀gá, ni yóò bá fi ọdún kan sí i ṣe òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ dá iye kan tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, láti ọjọ́ kìíní, kí ọ̀gá mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ló máa san án.

Apá tó kù ni àtẹ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. "Yóò kọ́ iṣẹ́ télọ̀" kò tó. Bí ti télọ̀ ọlọ́dún méjì ṣe lè rí nìyí. Oṣù kìíní sí ìkejì: kó mọ bí wọ́n ṣe ń fa òwú, tú bọ́bìnì, da òróró sẹ́rọ, kó sì lè ran ìlà tààrà lórí bébà láìfi òwú sí i. Oṣù kẹta sí ìkẹfà: wíwọn ara (èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, gígùn aṣọ), kó máa gé pátánì lórí bébà àpò sìmẹ́ǹtì kó tó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni, kó sì lè rán yẹ̀rì àti sòkòtò ọmọdé. Títí ọdún kan fi máa pé: bùbá àti ìró, síípù, kọ́là. Ọdún kejì: gáùnù onílàínì, kàfùtáànì, agbádá, àti bí a ṣe ń tún aṣọ oníbàárà ṣe láìjẹ́ kí ojú rí i. Kó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ló bá àǹkárá mu, 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 fún jíìnsì. Ọmọ tó ń fi 16 rán ṣífọ́ọ̀nù á lu aṣọ náà ní ihò, á sì rò pé ẹ̀rọ ló ń dà á láàmú. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan bá yín kọ irú àtẹ báyìí fún iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí kò bá lè kọ ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé.

Àbẹ̀wò

Ẹnì kan tó láti máa wo ọmọ 12. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì nìyẹn; ìrìn láàárín wọn á gba bíi wákàtí méjì mìíràn. Ẹ san owó ọkọ̀ àti owó káàdì fún un, kẹ́ ẹ tún fi nǹkan lé e. Ìfẹ́ inú lásán kì í kọjá oṣù kẹta.

Kò gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá ṣáájú, kò sì gbọ́dọ̀ máa lọ lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fóònù kò tó. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kó kọ́kọ́ kí ọ̀gá kú iṣẹ́ dáadáa, kó bi í léèrè ọjà, kó tó ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ díẹ̀." Kí wọ́n dúró sí ìta, níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti ń rí wọn àmọ́ tí etí kò dé.

Kí lo fọwọ́ ara rẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Kí ló bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Kí lo jẹ lánàá? Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ọmọ tó bá ní "mo ń wò wọ́n" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, ẹ mú àtẹ iṣẹ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tí nǹkan kan kò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kan, wọn kò tíì gbé iṣẹ́ kankan fún un. Ní ti oúnjẹ, ẹ bi í ní ohun tó jẹ, ẹ má bi í bóyá ó jẹun, torí "ṣé o jẹun?" kò ní ju "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lọ.

Bí ọmọ bá pa iṣẹ́ jẹ ọjọ́ méjì, ẹ pè é. Bó bá di mẹ́ta, ẹ lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá dúró di ìpàdé òpin oṣù, orí ọ̀kadà lẹ máa bá a. Bí ọ̀gá bá lu ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan ni ìgbìmọ̀ àti alága ẹgbẹ́ máa bá a jókòó. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ mú ọmọ kúrò lọ́jọ́ náà. Ìdí tó fi dára kí ọ̀gá kan máa wà ní ìpamọ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Oúnjẹ, owó ọkọ̀, àjọ

Ẹ fi ọmọ sí ibi tó lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀ nìyẹn. Ní ti oúnjẹ ọ̀sán, ẹ bá olóúnjẹ kan tó wà nítòsí ṣàdéhùn: tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ bó bá kó tíkẹ́ẹ̀tì jọ fún yín. Ẹ yí àwọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọmọ sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa tà á fún ara wọn, ẹ ó sì máa sanwó oúnjẹ fún ọmọ tí ebi ń pa.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa dá àjọ, bó ti wù kó kéré tó. Ká ní ₦500 ni lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 104 á di ₦52,000. Kí ìgbìmọ̀ fi iye kan náà kún un, ó di ₦104,000. Ẹ yí iye náà bó bá ṣe bá ọjà mu ní àsìkò yín. Káàdì àjọ máa wà lọ́wọ́ ọmọ, owó máa wà ní báǹkì. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà á gba gbogbo owó tirẹ̀, owó ìgbìmọ̀ á dúró. Ẹ sọ èyí fún wọn lọ́jọ́ kìíní, kò ní sí ariwo. Àwọn tí kò tíì ní NIN, kí wọ́n lọ ṣe é báyìí; ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kì í gba owó, báǹkì á sì béèrè rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù

Wákàtí méjì. Wákàtí kan fún ìṣirò ọjà, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ dójú àmì ni kò mọ iye tó ń jẹ. Ẹ fún wọn ní àpẹẹrẹ: oníbàárà san ₦8,000 fún gáùnù kan. Òwú ₦400, síípù ₦500, sité (aṣọ tó ń mú ara gáùnù le) ₦600, láínì ₦1,500, epo jẹnẹrétọ̀ ₦1,000. Ó di ₦4,000. Ó ku ₦4,000, ọjọ́ méjì ló sì fi rán an. Nínú ₦2,000 tó kan ọjọ́ kan ni owó ṣọ́ọ̀bù ti máa jáde. Ẹ jẹ́ káwọn fúnra wọn sọ bóyá ₦8,000 tó.

Wákàtí kejì jẹ́ ti ara àti ọkàn, nọ́ọ̀sì ló máa darí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ di ìwàásù. Àmì tí alábẹ̀wò àti nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ni àìsùn, àìjẹun, kí ọmọ máa yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, owó tí kò sí ẹni tó mọ orísun rẹ̀, tàbí kó máa pín nǹkan ìní rẹ̀ fún èèyàn bí ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ẹ má dúró dé ìpàdé lórí àmì tó gbẹ̀yìn yìí. Ẹ mú un lọ síbùdó ìlera lọ́jọ́ náà, kẹ́nikẹ́ni má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa darí yín sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó bá sún mọ́ yín, bíi ti Àrò ní Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá. Bí òbí bá ń tijú orúkọ Àrò, ẹ sọ fún un pé níbẹ̀ ni Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sáàárín ẹbí ní abúlé ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń gbàtọ́jú, tí wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Nítorí náà: àgbàlagbà kan ṣoṣo kì í bá ọmọ kan ṣoṣo dúró sínú yàrá, alábẹ̀wò kì í fẹ́ ọmọọṣẹ́, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé fọ́tò ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí kọ̀wé fún yín. Ẹ fún gbogbo ọmọ ní nọ́ńbà ẹni méjì tí wọ́n lè pè, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí méjèèjì má jẹ́ ìbátan ọ̀gá kankan.

Fírídọ̀ọ̀mù, irinṣẹ́, àti ohun tó tẹ̀ lé e

Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìparí, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Láti grade III ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà II, kó tó kan I. Ìwé ẹgbẹ́ dára fún ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ìwé trade test ni kọ́ńpìnnì máa béèrè. Ẹ tún dé ọ́fíìsì NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ yín, torí wọ́n ní ètò ìkọ́ṣẹ́ tiwọn.

Ẹ ṣe fírídọ̀ọ̀mù gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan, ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Káńópì kan, àdúrà kan, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan á gbé ìwé lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ohun ọwọ́ (sísọ́ọ̀sì, téèpù, rúlà, bọ́bìnì) á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹfà, lórí ìwé pé àwìn ni. Ẹ̀rọ máa jáde lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Áyọ́ọ̀nù, tábìlì ìgéṣọ àti ohun tó kù á jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ẹ bá lọ tẹ́ ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Kí wẹ́dà fi iná kọ nọ́ńbà sára irin ẹ̀rọ náà. Ọjà àlòkù kì í fẹ́ ra ẹrù tó ní nọ́ńbà.

Ẹ mú ọmọ àti ọ̀gá rẹ̀ dání lọ ra ẹ̀rọ. Orí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó dáa lè le ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, àmọ́ ẹ má sanwó kí ọmọ náà tó jókòó tì í rán àǹkárá ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà ìlọ́po mẹ́rin bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ẹ yí aṣọ padà. Bí òwú bá ń ká bí ìwọ̀ ní abẹ́ rẹ̀, kí ó tún òwú òkè fà, kó sì dè é le díẹ̀ sí i. Bó bá ṣì ń ká, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí àwọn méjì tàbí mẹ́ta pín ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, kí orúkọ gbogbo wọn sì wà lórí rìsíìtì owó ilé. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ló wà níbẹ̀, òun ló máa di ọ̀gá, àwọn yòókù á padà sípò ọmọọṣẹ́.

Ẹ padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù kan, mẹ́ta, mẹ́fà, àti ọdún kan. Inú ìwé tẹ́ ẹ fi ka ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Ẹni tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá: iṣẹ́ rẹ̀, òpópónà rẹ̀, iye ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ọdún kejì bá pé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń ṣí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ lọ bi í bóyá ó lè gba ọmọ kan.